Ẹ Jẹ́ Kí Ìjàpá Máa Rìn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Ṣáṣá

  

Wọ́n ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé oníròyìn ni mí; bí ẹ bá fún oníròyìn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á gba ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ lónìí, torí pé ọ̀rọ̀ mọ́tò kan ṣoṣo ni mo bá wá. Gbogbo yín lẹ mọ mọ́tò náà. Púpọ̀ nínú yín ló ti tì í rí.

Ìjàpá bàbá mi ni mò ń wí, Volkswagen tó funfun bí ògì, tí bàbá mi, olùkọ́ yín nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, máa ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì púrínsípà. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú lọ́sàn-án, ẹ̀yin ọmọ JSS 1 ni wọ́n máa ń kó jáde láti tì í. Ẹ ó tì í títí á fi kọ pọ́ọ̀! Èéfín á bo gbogbo yín. Ẹni tó bá ṣubú, òun ni bàbá á kọ́kọ́ fún ní ìrèké. Mọ́tò yẹn náà ló gbé ọ̀kan nínú wa lọ sí UCH lóru ọjọ́ tí ejò bù ú jẹ ní oko ilé-ìwé. Ó jókòó sáàárín wa níhìn-ín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ti papò dà, ó ti lé ní ọdún méjì. Mọ́tò náà ṣì wà nínú ọgbà wa lábẹ́ páànù, ó sì ń rìn. Ẹ́ńjìnnì tó bá a dé lọ́dún 1978 ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú ojúgbà wa tó wà ní London kọ̀wé sí mi pé òun á fowó sílẹ̀ kí a sọ mọ́tò náà di tuntun, kó lè ṣíwájú nínú ìwọ́de ayẹyẹ ilé-ìwé wa. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ti ní ètò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ẹ́ńjìnnì Toyota, ẹ̀rọ amúlétutù, rímù ńláńlá, ọ̀dà pupa tó ń dán bí ojú dígí. Èmi ní rárá o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lára mọ́tò bàbá mi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ìjà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi àti àbúrò mi ò fi bára wa sọ̀rọ̀, àfi nípasẹ̀ ìyá wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mọ́tò náà ti wá, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1975 ni mọ́tò àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Kì í ṣe Òjóò tiwa yìí o. Ọ̀jọ́ tó wà lọ́nà Badagry ni. Títí di òní, Volks ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń to Ìjàpá níbẹ̀, wọ́n ń to Passat, wọ́n sì to ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Igala. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni àwọn ará Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kaduna. Owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú, owó Udoji sì ti mú kí oṣiṣẹ́ ìjọba lè gbójú sókè. Alùpùpù ni bàbá mi fi owó Udoji tirẹ̀ rà. Ọdún 1978 ló tó rí ẹ̀yáwó mọ́tò gbà, ló bá lọ gbé Ìjàpá wálé. Ìyá mi sọ pé àwọn ará àdúgbò fi adìẹ kí wọn.

Kò pẹ́ náà ni nǹkan yí. Láti 1982 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀nà ọjà òkèèrè pa, tí ẹ̀yà ara mọ́tò sì di ohun àwátì. Nígbà tí SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, olùkọ́ tó ń rò ó pé òun á ra mọ́tò tuntun ń lálàá ni. Ayé tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: bàbá mi kò tọ́jú Ìjàpá torí pé ó fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ó tọ́jú rẹ̀ torí pé kò sí òmíràn. Àwa tí a bá a lórí iná ni à ń pè é ní ìfẹ́.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún mi, ó sì dùn mí wọnú egungun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé bí bàbá bá rówó, wọn ò ní fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i? Ẹ̀yin ń gbé Corolla káàkiri Bódìjà, ẹ wá fẹ́ kí èmi máa làágùn nínú mọ́tò tí ẹ fẹ́ máa fi sọ ìtàn." Mi ò rí èsì fún un. Ojúgbà mi, bí ó bá ṣe ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ó sọ?

Mo wá lọ wádìí, torí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé àyípadà kì í ṣe ohun tuntun fún mọ́tò nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ẹ rántí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Kí ó tó di ọjọ́ náà, apá òsì ni gbogbo mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn Morris Minor tí stẹ́ríìnì wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún wá dà bí ẹni tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sáàárín títì. Àwọn kan gbé stẹ́ríìnì wọn lọ sápá òsì, àwọn kan fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ń na ọrùn bí ògòǹgò kí wọ́n tó lè yà fún ẹlòmíràn. Èwo nínú wọn ló ṣe ohun tó dára? Ojú ọ̀nà ló yí padà, kì í ṣe pé ó wu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yí mọ́tò rẹ̀ padà kí ó má baà pa èèyàn, kò ba mọ́tò jẹ́.

Ohun kejì tí mo rí, l'Ékòó ni mo ti rí i. Ẹ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, ẹ ó bá Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Ihò ìbọn wà lára rẹ̀ títí di òní. Mo dúró níwájú mọ́tò yẹn, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ń rò ó pé bí páńẹ́bítà kan bá dí àwọn ihò yẹn, tó fi ọ̀dà tuntun kùn ún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ìbáà dára tó báwo, ó ti pa ìtàn. Ọgbẹ́ ara mọ́tò yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Mo fi èyí dira bọ̀ wálé. Mo ní mo ti rí ẹ̀rí mi. Mo sọ fún ìyá mi pé Ìjàpá bàbá náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, táyà àti epo nìkan ni a ó máa fi kún un. Mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú mọ́tò náà láti ìgbà tí mo wà ní pámáárì, sọ fún mi pé rọ́bà bíréèkì ti gbó, òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní ṣé rọ́bà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ni? Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló gbé mi dúró níwájú yín. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo gbé ìyá mi sínú Ìjàpá, à ń lọ kí àwọn ará wa ní Mọ́níyà. A ò tíì dé géètì IITA nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ata láti òkè Ọya dúró gì níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí ó tó mú díẹ̀. Rọ́bà iwájú kan ti bẹ́. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo já gíà wálẹ̀, mo yà sínú koríko. Ìyá mi ò pariwo. Ó kàn di dáṣíbọ́ọ̀dù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí a dúró tán, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mọ́tò bàbá ẹ lò ń tọ́jú ni àbí o fẹ́ kí n lọ bá a?"

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyá mi tọ́jú rọ́bà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí yàrá bàbá. Mo mọ̀ pé ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún mọ́tò náà, èèpo ìwé pupa, ṣùgbọ́n mi ò jókòó kà á rí. Mo kà á di àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbogbo ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì. Lọ́dún 1984 ó kọ ọ́ pé, "Táyà ẹ̀yìn méjì. Mo ta ọgọ́ta iṣu." Lọ́dún 1987 ó ní òun fi kárìà sórí mọ́tò láti máa kó iṣu wálé. Ó pààrọ̀ kábúrétọ̀. Ó pààrọ̀ aṣọ ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí rìwáyà fi iná kún iná ẹ̀yìn, torí pé àwọn onílọ́rì kì í rí òun lóru ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bíréèkì? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì! Èyí tí mo pè ní ojúlówó, tí mo tìtorí rẹ̀ bá mẹkáníìkì jà, ọjà Gate ni bàbá mi ti rà á lọ́dún 1999.

Lábẹ́ ibùsùn, mo bá páálí kan. Kábúrétọ̀ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, a fi ìwé ìròyìn wé e. Iná ẹ̀yìn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Aṣọ ìjókòó tó bá mọ́tò dé wà níbẹ̀, bàbá ti ká a bí ẹni. Gbogbo ohun tó tú kúrò lára mọ́tò náà láti 1978 ló fi pamọ́, ó sì so bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó tú u, àti ìdí tó fi tú u.

Àṣé àbúrò mi jàre: bàbá wa yí mọ́tò padà. Èmi náà jàre: bàbá wa tọ́jú mọ́tò. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ, a ò mọ̀. Kì í ṣe pé kó yí padà tàbí kó má yí padà ni ìbéèrè. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, bí a bá yí i padà lónìí, ṣé ọmọ wa lè dá a padà lọ́la?

Nígbà tí mo tún wádìí sí i, mo rí i pé àwọn aláwọ̀ funfun náà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí mọ́tò àtijọ́, FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àdéhùn Turin, ti ọdún 2013. Ohun tó wà níbẹ̀, ní kúkúrú, ni pé kí mọ́tò àtijọ́ máa rìn lójú títì, àmọ́ kí àyípadà tó bá pọn dandan má ba ojúlówó rẹ̀ jẹ́, kí ó sì ṣeé tú kúrò. Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní London mọ̀ pé láti 2018, mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún níbẹ̀ kò pọn dandan fún un láti lọ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, àfi bí wọ́n bá ti yí i padà gidi láàárín ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi kò gbọ́ orúkọ Turin rí. Páálí abẹ́ ibùsùn ni Turin tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ètò àbúrò mi. Ẹ́ńjìnnì Toyota ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Kò ní rédíétọ̀, kò mọ omi. Ẹ́ńjìnnì Toyota nílò omi, ó nílò rédíétọ̀, ó sì nílò àyè tí Ìjàpá kò ní. Ayùn ni wọ́n máa fi ṣe é. Ara tí wọ́n bá sì ti fi ayùn gé, kò sí páálí tó lè gbà á. Ẹ̀rọ amúlétutù? Agbára ẹ́ńjìnnì 1300 yẹn kò tó ti àádọ́ta ẹṣin. Bí amúlétutù bá gba tirẹ̀ níbẹ̀, kí ni yóò fi gun òkè? Ọ̀dà pupa? A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ọ̀dà 1978 dànù, kò sì sí bí a ó ṣe kó o padà. Ṣùgbọ́n rímù? Ẹ jẹ́ kó fi rímù tó wù ú sí i! Nọ́ọ̀tì ni a ó tú, kí a gbé ti tẹ́lẹ̀ sínú páálí. Rédíò tó dára? Kó fi sí i, bí kò bá ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù.

Àwọn ohun kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni nínú wa. Rọ́bà bíréèkì. Rọ́bà epo tó kọjá sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, torí pé òun ló ti dáná sun ọ̀pọ̀ Ìjàpá káyé. Táyà. Bẹ́líìtì ìjókòó, níwájú àti lẹ́yìn. Àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ fún nípa ààbò ojú títì. Ọ̀dọ̀ wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú títì jọ lọ́dún 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ohun tí wọ́n ṣe tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún ló tó ohun tí à ń gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀. Ìgbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003 ni wọ́n tó dáwọ́ Ìjàpá ayé àtijọ́ dúró ní Puebla, ní Mẹ́síkò. Lọ́dún 2019, Volkswagen fúnra wọn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì fi bátìrì àti mọ́tò iná rọ́pò ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, wọ́n sì gbé e hàn fáráyé. Bí ẹni tó bí ọmọ bá yí ọmọ rẹ̀ padà, ta ni èmi? Ìjàpá tó wà láyé lè gba gbogbo àyípadà. Àmọ́ Ìjàpá tí ẹ tì lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ẹyọ kan ni.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mọ́tò tuntun pọ̀ ní Ìbàdàn. Owó ló ń rà á. Ibi tí ọwọ́ yín ti họ ọ̀dà ẹ̀yìn Ìjàpá yẹn nígbà tí ẹ ń tì í, owó kò lè rà á. Bí a bá fi ọ̀dà pupa bò ó, a ó gbé mọ́tò rèǹtè-rente ṣíwájú ìwọ́de wa, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí o. Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní London, a dúpẹ́, má ṣe fowó ọ̀dà ránṣẹ́. Fi ra táyà mẹ́rin, rọ́bà bíréèkì, rọ́bà epo àti bẹ́líìtì. Bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí a fi rán ọmọ kan láti ilé-ìwé yìí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa àgbà, kí ó kọ́ kábúrétọ̀ àti pílọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ kí bàbá náà tó darúgbó jù. Bí ọwọ́ tó mọ Ìjàpá tún ṣe bá tán nílẹ̀, ìgbà náà ni ẹ ó rí i pé a ti gbé e sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Murtala nìkan ni mọ́tò rẹ̀ yẹ kó dúró. Tiwa, ìrìn ni ìtàn rẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi ti parí ìjà. Òun ló pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì pẹ̀lú mẹkáníìkì. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó so bébà mọ́ rọ́bà tó bẹ́ náà, ó kọ ọjọ́ sí i. Níbi tí ó ti yẹ kó kọ ìdí, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́." Ó ti wà nínú páálí báyìí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n yọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwọ́de, Ìjàpá á wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó funfun bí ògì, ó họ lẹ́yìn bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bátìrì rẹ̀ tuntun ni, mo fi dá yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ tí kò jí, ẹ̀yin ọmọ JSS 1 àtijọ́, ẹ mọ iṣẹ́ yín. Ìrèké á wà.